Òkété àti Ekùrọ́ Inú Ewé

Àlọ́ mi rèé o! Ó yí gbiri, ó yí gbiri, kò dúró níwájú ilé ẹnikẹ́ni, àfi lẹ́nu ihò Òkété.

Òkété fẹ́ jẹ iyán. Kì í ṣe iyán ẹ̀ẹ̀kan o. Iyán tí yóò jẹ láàárọ̀, tí yóò jẹ lọ́sàn-án, tí yóò sì fi èyí tó bá kù ṣe ìrọ̀rí bó bá fẹ́ sùn. Ohun kan ṣoṣo ló dí i lọ́wọ́: kò ní iṣu. Ìdí tí kò fi ní iṣu ni pé kò kọ ebè. Ìdí tí kò fi kọ ebè ni pé, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé ọkọ́ lọ sóko, ẹ̀yìn ń dùn ún. Ẹ̀yìn Òkété kì í dùn ún nígbà ìkórè. Àìsàn tó mọ àsìkò ni.

Òjò àkọ́rọ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà náà. Gbogbo ẹranko ti to èbù wọn sínú àká, wọ́n ń wojú sánmà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àgbẹ̀ kì í jẹ èbù. Ebi lè pa á kí ojú rẹ̀ wọ inú, kò ní fọwọ́ kan èbù, nítorí ẹni tó bá jẹ èbù lónìí ti jẹ iṣu ẹ̀ẹ̀mí-ìn mọ́ ọn. Òkété mọ òfin yìí dáadáa. Ó rò ó síwájú, ó rò ó sẹ́yìn, ó ní, "Wọ́n ní kéèyàn má jẹ èbù ara rẹ̀. Ta ló sọ pé kéèyàn má jẹ ti ẹlòmíràn?"

Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe dé inú àká? Ẹfọ̀n ń ṣọ́ tirẹ̀, ìwo rẹ̀ gùn. Ìmàdò ń ṣọ́ tirẹ̀, eyín rẹ̀ mú. Òkété jókòó sẹ́nu ihò, ó fọwọ́ lérán. Ibẹ̀ ló wà tí àwọn ọmọ ẹranko fi sáré kọjá, tí wọ́n ń jà nítorí òkúta kan tó ń dán. Òkété wò wọ́n títí, ẹ̀rín sọ ọ́. Ó ní, "Àgbà ń ṣọ́ àká. Ta ló ń ṣọ́ ọmọdé?"

Ekùrọ́ ló kún inú ihò Òkété, èyí tí àwọn olóko ti fún epo ara rẹ̀ tán tí wọ́n dà nù. Ó mú ọ̀kan, ó fi iyẹ̀pẹ̀ nù ún títí ó fi ń dán, ó sì fi eyín iwájú fín ojú ẹranko sí i lára. Ó fín Ọ̀bọ, ó fín Ehoro, ó fín Ìkookò, ó fín Ẹkùn, ó fín Kìnnìún. Ojú Ọ̀bọ ló rọrùn jù, nítorí náà ojú Ọ̀bọ ló pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà, ó pọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sínú ewé eéran bí ìgbà tí wọ́n bá pọ́n mọ́ínmọ́ín, ó dì í pinpin, kí ẹnikẹ́ni má lè mọ ojú tó wà nínú èyí tó mú.

Ní ìlú àwọn ẹranko, ẹni tó bá ní ọjà tí kò ráyè jókòó tì í yóò pàtẹ rẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, yóò to òkúta wẹ́wẹ́ síwájú rẹ̀, yóò bá tirẹ̀ lọ. Iye òkúta ni iye tí ọjà jẹ́. Ẹni tó fẹ́ rà á yóò fi ohun tó tó o sílẹ̀, yóò gbé ọjà, yóò máa lọ. Wọn kì í jí i. Ọ̀bọ pàápàá, tí ayé mọ̀ tí ọ̀run mọ̀, kì í fọwọ́ kan ohun tí òkúta bá ń ṣọ́. Òkété gbé ekùrọ́ inú ewé lọ sí ọ̀nà odò, níbi tí àwọn ọmọdé ń gbà lọ pọnmi. Ó fi òkúta kọ̀ọ̀kan síwájú ewé kọ̀ọ̀kan, ó sì fi èèpo iṣu gbígbẹ ti òkúta náà, kí ojú ọmọdé lè rí i pé èbù ni òun ń gbà. Ó kó wọnú igbó, ó fi ewé bo imú.

Kí ó tó lọ, ó ti sọ ọ̀rọ̀ kan sétí ọmọ Ehoro, ẹni tí kì í lè pa àṣírí mọ́. Ó ní, "Erin wà nínú ọ̀kan. Ẹni tó bá rí Erin ti jẹ gbogbo yín tán. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o." Kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná, gbogbo ilé ti gbọ́.

Háà! Ẹ ò rí nǹkan! Eré náà kò ju pé kí ọmọ méjì fa ọ̀bìrìkìtì sílẹ̀, kí wọ́n fi ekùrọ́ sáàárín, kí wọ́n máa fi ìka ta á. Ẹni tó bá ta ti ẹnìkejì jáde ti gbà á nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ọ̀bọ kò gbọdọ̀ ta Ẹkùn, Ẹkùn kò gbọdọ̀ ta Kìnnìún, Erin sì lè ta ẹni tó bá wù ú. Kò pẹ́ tí orin fi gba ìlú:

Tú ewé, tú ewé!
Ta ló sùn nínú ewé?
Tú ewé, tú ewé!
Bí Ọ̀bọ bá ni, máa gbé e lọ.
Tú ewé, tú ewé!
Bí Erin bá ni, mo ti jọba!

Ìyá Ìmàdò ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ sú. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Àbẹ̀jẹ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọ tí wọ́n bá pè lẹ́ẹ̀kan tí í jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí, ìyá á pè é, "Àbẹ̀jẹ́!" Àbẹ̀jẹ́ á ní, "Mo ń bọ̀, màámi." Ìbọ̀ náà á pẹ́ títí ọbẹ̀ á fi jóná. Bó bá rán an níṣẹ́, ọ̀nà odò ló ń gbà, ì báà jẹ́ òkè ni ibi iṣẹ́ wà. Ó ń jẹun, ìka rẹ̀ ń ta òkèlè. Ó ń sùn, ó ń ṣèrànrán pé, "Kì í ṣe Ọ̀bọ! Kì í ṣe Ọ̀bọ!"

Ìyá Ìmàdò ké sí àwọn ìyá yòókù. Ìyá Ẹfọ̀n ní, "Ẹ̀ ń sọ tiyín! Mo rán tèmi lọ pọnmi, ó gbé ìkòkò dé, ewé eéran ló kún inú rẹ̀."

Ìyá Àgbọ̀nrín ní, "Tèmi kò jẹun mọ́. Ó ní kí n gbé oúnjẹ òun sílẹ̀, òun fẹ́ lọ gba Ìkookò òun lọ́wọ́ ọmọ Ẹfọ̀n."

Ìyá Ẹfọ̀n ní, "Ìkookò wo? Ọmọ mi kò mú Ìkookò ẹnikẹ́ni o!"

Díẹ̀ ló kù kí àwọn àgbà méjì jà nítorí ekùrọ́.

Ìyá Ìmàdò gba àpò ekùrọ́ lọ́wọ́ Àbẹ̀jẹ́, ó fi há òkè àjà. Ọmọ náà kò bú sẹ́kún, kò janpata. Ó kàn jókòó sí igun ilé, ó dojú kọ ògiri, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ láìdún. Ìyá rẹ̀ ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó gbálẹ̀, ó tún ibi tó ti gbá gbá. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló gun àjà tó lọ mú àpò náà wá. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí kò bá tíì bímọ ló lè rẹ́rìn-ín.

Ni àwọn ìyá bá kó ara wọn lọ sọ́dọ̀ Kìnnìún, ọba wọn. Kìnnìún gbọ́ pé wọ́n ń fi ìka ta ojú òun kiri nínú iyẹ̀pẹ̀, ó bú ramúramù, ó dé ẹnu ihò Òkété.

"Òkété! Ìwọ lò ń fín ojú mi sára ekùrọ́?"

Òkété dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, bí n kò bá fín tiyín, ta ni kí n fín? Ẹkún yín ni àwọn ọmọdé ń sun kiri. Lánàá yìí, ọmọ Ẹfọ̀n tú ewé, ó bá yín níbẹ̀, ó dákú."

"Ó dákú?"

"Omi la fi wẹ̀ ẹ́, Kábíyèsí."

Kìnnìún rọra gbọn irun ọrùn rẹ̀. "Irun yìí ńkọ́? Ṣé o fín in dáadáa?"

"Irun yín ló ń jẹ eyín mi lẹ́nu. Odidi àárọ̀ ni mo fi ń fín in."

"Jẹ́ kí n rí i."

"Ó wà nínú ewé ni, Kábíyèsí. Èmi pàápàá kò mọ èyí tí ẹ wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣáà rà á."

Kìnnìún fi itan ẹran kan sílẹ̀. Ẹ má bèèrè pé itan ta ni. Ó tú ewé: Ọ̀bọ. Ó gbé itan mìíràn wá, ó tú ewé: Ọ̀bọ. Ó ní irú kí leléyìí, ó tún rà á: Ehoro. Nígbà tí oòrùn máa fi rọlẹ̀, ọba gbogbo ẹranko ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ewé, ó ń fi eyín tú okùn, ó ní òun kò ní lọ sílé àfi bí òun bá rí ara òun. Nígbà tó rí i lóòótọ́, ó wò ó, ó tún un wò, ó kì í mọ́wọ́, kò bá Òkété jà mọ́. Àwọn ìyá dúró títí, wọn kò gbọ́ nǹkan kan láti ààfin.

Sánmà wá ṣú lọ́jọ́ kan. Atẹ́gùn òjò fẹ́. Ìyá Ìmàdò mú apẹ̀rẹ̀, ó wọ inú àká lọ láti kó èbù. Ó mú ti iwájú, èbù ni. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ohun tó bà kò jọ èbù. Ògúlùtu ni. Gbogbo ẹ̀yìn àká, ògúlùtu ni Àbẹ̀jẹ́ tò síbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó fi èbù díẹ̀ bo iwájú kí ìyá rẹ̀ má baà fura.

Ìyá jókòó sínú àká. Inú bí i, ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á, nítorí bí òjò bá rọ̀ tí kò rí nǹkan gbìn, kí ni òun àti ọmọ yìí yóò jẹ lẹ́ẹ̀mí-ìn? Ó pe Àbẹ̀jẹ́. Ó ní, "Kó ohun tó o fi èbù wa gbà wá, kí n rí i."

Àbẹ̀jẹ́ da àpò rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀bọ, Ọ̀bọ, Ehoro, Ọ̀bọ, Ìkookò tí imú rẹ̀ ti yẹ̀, Ọ̀bọ. Ọmọ náà ní, "Màámi, ó kù díẹ̀ ni. Bí mo bá ṣáà ti rí Erin, gbogbo rẹ̀ ni màá gbà padà lọ́wọ́ wọn. Màá kó o wá fún yín."

Ìyá rẹ̀ ti gbé ọwọ́ sókè láti nà án. Nígbà tó gbọ́ èyí, ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní, "Èmi àti ẹni tó kọ́ ẹ ní Erin ni."

Ó pe Òkété lẹ́jọ́ níwájú Kìnnìún, gbogbo ìlú sì pé. Òkété dé, ikùn rẹ̀ ti yọ síwájú, ó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí. Ó ní, "Ìyá wa, ẹ má bínú. Ṣé mo jí i ni? Ṣé mo fipá gbà á ni? Ọjà ẹ̀bá ọ̀nà ni mo pa, bí àwọn baba wa ti ń pa á. Òkúta sọ iye, ọmọ yín san iye. Àbí kí n ba àṣà jẹ́?"

Kìnnìún, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣeré nínú àpò, ní, "Ó wí ire."

Ìyá Ìmàdò kò jiyàn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé mi ni. Ohun tí òkúta bá ń ṣọ́ lẹ́bàá ọ̀nà, bí ọmọdé bá san án, ọjà ti di ọjà?"

Òkété ló yára dáhùn. Ó ní, "Ọmọdé ni o, àgbà ni o! Ẹni bá ti san án ti rà á. Kò sí ẹkún, kò sí ìdápadà. Bàbá ọmọ kò lè ní òun kò gbà, ìyá ọmọ kò lè ní òun kò gbà. Kí ẹni tó bá dá a padà má ríbi jókòó láàárín ẹgbẹ́!"

"Àṣẹ," ni Kìnnìún wí.

"Ẹ ṣeun," ni Ìyá Ìmàdò wí. Ó lọ sílé.

Ó ṣa ekùrọ́ kan tó tóbi. Eyín Ìmàdò gùn, ṣùgbọ́n kò mọ iṣẹ́ ọnà. Ó fín in, ó fín in, Erin tó fín jáde sanra bí odó, ọwọ́ ìjà rẹ̀ dàbí ọmọ odó tó fara ti odó náà, etí kan sì tóbi ju èkejì lọ. Kò burú. Erin ni, ṣé ẹ rí i.

Òkété náà ní ọmọ o, bẹẹrẹ ni wọ́n pọ̀ bí irú wọn ti í pọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti kì wọ́n nílọ̀ pé, "Ohun tí bàbá ń tà, ọmọ kì í fi ṣeré. Ìwà òmùgọ̀ ni. Ẹ jókòó kí ẹ ṣọ́ iṣu." Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jókòó ti òkìtì èbù nínú ihò, èyí tí bàbá wọn kò lè jẹ tán, wọ́n ń yọjú wo ọmọ ọlọ́mọ tó ń ta ekùrọ́, ìka wọn ń yún wọn.

Nígbà tí Òkété ti lọ ba lẹ́bàá àtẹ rẹ̀ lọ́nà odò, Ìyá Ìmàdò pa àtẹ tirẹ̀ sí ọ̀nà tó kọjá lẹ́yìn ihò Òkété. Ewé kan péré ló tẹ́, kò dì í. Erin dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀, ó dojú kọ oòrùn. Síwájú rẹ̀, ó da òkúta wẹ́wẹ́ kalẹ̀, ó kún apẹ̀rẹ̀ dẹ́nu, ó sì fi èèpo iṣu tì í. Òun àti àwọn ìyá yòókù, tí èbù tiwọn náà ti lọ, sá pamọ́ sínú igbó.

Àkọ́bí Òkété yọ imú. Ó wò. Ó fi igbe bọnu pé, "Erin!" Kí ojú tó ṣẹ́jú, gbogbo wọn ti tú jáde. Èyí ń ti èbù, èyí ń fà á, èyí gbé e lórí tó fi ṣubú. Wọ́n to èbù, wọ́n fi í wé òkúta, kò tíì tó. Wọ́n padà sínú ihò, wọ́n gbá gbogbo rẹ̀ jáde, títí kan iyán tó ṣẹ́kù nínú àwo bàbá wọn. Nígbà tó tó, wọ́n gbé Erin wọlé pẹ̀lú orin. Àwọn ìyá jáde láti inú igbó, oníkálukú ṣa èbù tirẹ̀, kò sí ẹni tó jà.

Òkété dé, ó bá ihò lófìfo. Igbe tó ké dé òdìkejì odò. "Olè! Wọ́n ti kó mi! Ẹ gbà mí o!" Ó sáré dé ààfin, gbogbo ìlú tún pé. Ìyá Ìmàdò ní, "Kábíyèsí, mo pàtẹ, òkúta sọ iye, àwọn ọmọ rẹ̀ san iye. Wọ́n ti gbé ọjà wọn."

Kìnnìún ní, "Ọjà wo?"

Àkọ́bí Òkété bọ́ síwájú, inú rẹ̀ ń dùn, ó gbé ekùrọ́ sókè. "Bàbá, ẹ wò ó! Àwa la rí Erin!"

Òkété wo odó tó ní etí yẹn. Ó ní, "Irọ́ ni! Ayédèrú ni! Erin wo? Èmi ni mo ń fín gbogbo rẹ̀, èmi ni mo ń dì í, n kò fín Erin kankan rí láyé mi!"

Ẹnu Òkété ṣì ṣí sílẹ̀ nígbà tí etí rẹ̀ wá gbọ́ ohun tí ẹnu náà wí. Ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò, ṣùgbọ́n òfòrò kì í pe ìlú jọ kó tó sọ ọ́.

Àbẹ̀jẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò le. Ó ní, "Kò sí Erin? Kò sí rárá?"

Àbẹ̀jẹ́ bọ́ síwájú, ó tú àpò rẹ̀, ó da gbogbo Ọ̀bọ rẹ̀ lé Òkété lórí. Ọmọ Ẹfọ̀n tẹ̀ lé e. Ọmọ Ehoro tẹ̀ lé e. Wọ́n ń dà á, ekùrọ́ ń dún paapaa, títí ó fi bò ó dé àgbọ̀n. Òkété bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá èbù òun padà, òun náà á dá tiwọn padà.

Kìnnìún yọ ekùrọ́ tirẹ̀ nínú àpò. Ó wò ó fún ìgbà ìkẹyìn, ojú sì tì í. Ó ní, "Bí ẹ bá ní ká dá ọjà padà, mo ní itan ẹran tí màá bèèrè, n kò sì mọ ibi tí yóò ti mú itan yẹn, àfi tara rẹ̀." Òkété ní rárá o, ọjà ti di ọjà.

Òjò rọ̀. Ìyá Ìmàdò kọ ebè, Àbẹ̀jẹ́ ń ju èbù sí i tẹ̀ lé e lẹ́yìn, bó bá pè é lẹ́ẹ̀kan, ó ń jẹ́. Ẹ̀yìn Òkété kò dùn ún lọ́dún yẹn, ó gbé ọkọ́ jáde bí akọni, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan gbìn. Ebi dé. Ó jókòó sínú ihò, ó fọ́ Ọ̀bọ kan jẹ. Ó fọ́ Ehoro. Ó fọ́ Ìkookò. Nígbà tó kan Kìnnìún, ó yọjú síta, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sọ fún un pé, "Kábíyèsí, ẹ dákun," ó sì fọ́ ọ mọ́ eyín. Láti ọjọ́ yẹn ni Òkété ti ń jẹ ekùrọ́, tí kì í sì í jẹ ẹ́ ní gbangba.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, ká má gbẹ́ ẹ jìn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún Òkété, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju ká gbẹ́ ilẹ̀ lọ! Ẹni tó bá ń fi ọmọ ọlọ́mọ jẹun, kó rántí pé òun náà bímọ.